Ẹyẹ Nonggang: àwọn àṣìṣe tẹ́ ò gbọdọ̀ ṣe tẹ́ ẹ bá lọ wò ó

Àwọn tó ń lọ wo ẹyẹ nínú igbó, òkè ni wọ́n máa ń gbójú sí, ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Tó bá jẹ́ torí ẹyẹ Nonggang, tí wọ́n ń pè ní Nonggang Babbler lédè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ ṣe wá, àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn o, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹyẹ yìí ò fẹ́ràn àtimáa fò, ó kàn ń tọ láti orí òkúta kan bọ́ sórí òkúta míì ni, á máa fi ẹnu ṣí ewé gbígbẹ kó lè rí kòkòrò tó sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀, tó bá sì ti gbúròó yín báyìí ó ti wọ àárín àpáta lọ nìyẹn.

Gúúsù Ṣáínà ló wà, ní Guangxi, nítòsí bọ́dà Fiẹtinámù, ó sì wà lápá àríwá Fiẹtinámù náà. Ọdún 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nínú igbó ọba Nonggang, nígbà tó di 2008 ni Zhou Fang àti Jiang Aiwu, àwọn onímọ̀ ẹyẹ ará Ṣáínà, wá kọ ọ́ jáde pé ẹyẹ tuntun ni, wọ́n sì fi orúkọ igbó yẹn sọ ọ́. Ẹ wò ó, aráyé ti ń lo fóònù alágbèéká kí àwọn onímọ̀ ẹyẹ tó mọ̀ pé ó wà láyé! Bó ṣe ń sá féèyàn tó nìyẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kéèyàn máa fi fóònù tàbí sípíkà gbé ohùn ẹyẹ sáfẹ́fẹ́ kó lè jáde wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Lójú tiẹ̀, ẹyẹ àjèjì ló wá gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á fi ọmọ sílẹ̀, á máa wá ọ̀tá tí ò sí níbẹ̀ kiri, ẹ̀yin ya fọ́tò lọ, ẹlòmíì dé lọ́la, òun náà tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ síbì kan, ẹ tẹ́tí, ewé gbígbẹ tó ń dún ṣàràṣàrà lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Inú ihò àpáta ló ń kọ́ ìtẹ́ sí, torí náà ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò, ẹ má sì gé ìtàkùn tó bo ẹnu ẹ̀ nítorí fọ́tò, ejò náà ń wá ọ̀nà.

Àwọn míì máa ń ṣì í mú fún ẹyẹ míì tó ń jẹ́ Sooty Babbler, tó wà ní Láòsì àti Fiẹtinámù, inú igbó olókùúta bẹ́ẹ̀ lòun náà ń gbé. Ìyẹn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ti Nonggang ní àmì funfun lẹ́yìn etí tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ọ̀fun ẹ̀ sì funfun pẹ̀lú tó-tò-tó dúdú.

Àṣìṣe tó wá burú jù, tí kì í ṣe ti àlejò nìkan, ni kéèyàn rò pé òkúta lásán ni òkúta yẹn. Irú òkúta ẹfun tí wọ́n ń fọ́ ṣe sìmẹ́ǹtì l'Ewékorò ni. Òjò ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ayébáyé, ìdí nìyẹn tó fi kún fún ihò àti pàlàpálá, ewé á já sínú ẹ̀, á jẹrà, kòkòrò á kó síbẹ̀, ẹyẹ á rí jẹ. Tí wọ́n bá gé igi orí òkè yẹn dáná, ewé ò ní já mọ́, oúnjẹ tán nìyẹn. Tí wọ́n bá sì wá fọ́ òkè fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbin òkè. Àjọ IUCN, tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá lágbàáyé, ti kọ orúkọ ẹyẹ yìí mọ́ àwọn tí ewu ń wu.

Tẹ́ ẹ bá padà délé, tẹ́ ẹ fẹ́ gbé fọ́tò síta, ẹ gbé e o, inú mi á dùn láti rí i, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ibi pàtó tí ìtẹ́ wà síbẹ̀.