Àwọ̀ pákó tí ẹ rí kí ẹ tó kùn ún kọ́ ni àwọ̀ tí ẹ máa bá gbé

Ẹ̀rọ sáńdì ni mo fi ń jẹun nílùú London. Mò ń fá ilẹ̀ onípákó nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ láyé ọbabìnrin Victoria, níbi tí pákó igi páìnì àtijọ́ ti wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ṣe ń fá a, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ti wo fídíò. Owó tí ẹ ń dà nù nítorí àwọ̀ ló ń bí mi nínú.

Èkíní, ẹ má fi ojú pákó gbígbẹ yan fáníṣì, ohun tí a ń kùn bo pákó. Pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá máa ń mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ohun olómi yòówù tó bá wọ̀ ọ́ lára á mú un ṣú sí i. Ẹ rin àkísà mímọ́ sómi, ẹ fún un, ẹ fi nu kọ̀rọ̀ kan. Bó ṣe rí kó tó gbẹ ló sún mọ́ ohun tí ẹ máa rí. Ọ̀fẹ́ ni omi.

Èkejì, torí pé wọ́n kọ ọ́ sára àgolo pé kò ní àwọ̀, ẹ gbà gbọ́! Fáníṣì elépo máa ń pọ́n rúsúrúsú. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń pọ́n sí i. Bí ọdún ṣe ń lọ náà ló tún ń pọ́n, kódà lábẹ́ àga tí oòrùn kì í dé. Fáníṣì olómi, èyí tí wọ́n fi omi pò dípò epo, kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n, ó sì máa ń tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga jù, àbí? Mo fá pálọ̀ Àǹtí kan tán ní Peckham, ní London níbí, wọ́n ní, "Bọ̀dá, bó ṣe wà yìí gan-an ni mo fẹ́ o, ẹ má bà á jẹ́." Elépo ni wọ́n ti lọ rà sílẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, èyí máa pọ́n." Wọ́n ní ẹni tó tà á fún àwọn ní kò ní pọ́n. Mo ní kí n kun kọ̀rọ̀ kan ná kí wọ́n wò ó, wọ́n ní mò ń wá bí owó mi á ṣe lé ni. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n onísáńdì bá pa ẹnu mọ́, mo kùn ún. Kó tó gbẹ ni wọ́n ti ń pariwo pé mo ti da epo pupa sí pálọ̀ àwọn. A tún un fá látìbẹ̀rẹ̀. Pákó tí a bá sì ń fá, títán ló ń tán lọ. Orí ìṣó ti ń yọjú. Wọ́n sanwó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tún padà lọ ra olómi tí wọ́n sá fún.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi kànrìnkàn onírin ha pákó igi oak kí ẹ tó kun fáníṣì olómi. Irin tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ á dípẹtà, á sì tò ní dúdú tótòtó.

Àkísà tí ẹ fi nu fáníṣì elépo, ẹ má ká a jọ sínú báàgì. Ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀, mo mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó dà bíi pé a ò kun nǹkan kan, fáníṣì olómi tí wọ́n po funfun díẹ̀ mọ́ wà fún páìnì àti oak. Ẹ má gbé e sórí ọ̀gànwó tàbí ìrókò: funfun náà á há sínú ihò wẹ́wẹ́ ara igi. Ìrókò fúnra rẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó lónìí, ìmọ́lẹ̀ á sọ ọ́ di búráwùn, fáníṣì yòówù kí ẹ lò. Ibi tí rọ́ọ̀gì bá bò ni kò ní tètè yí. Páìnì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà rí ìmọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí ẹ tó tẹ́ rọ́ọ̀gì sí i. Bí ẹ bá sì gbé e kúrò tí ẹ rí onígun mẹ́rin tó mọ́ láàárín pálọ̀, ẹ má pè mí. Èmi kọ́ ni mo yà á síbẹ̀.