Ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó gúnlẹ̀ sí Kútọnu

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), bí ẹbí yín bá ń fi ọkọ̀ òkun bọ̀ ní Kútọnu pẹ̀lú ọmọ, ẹ bi wọ́n léèrè aago wo ni ọkọ̀ ń lò. Bó bá jẹ́ aago Lomé, aago 8 tiwọn ni 9 tiwa. Ibi kan ṣoṣo láti mú ọmọ lọ ti tó fún ọjọ́ kan.

Gànvíé, abúlé orí omi, dùn-ún wò, àmọ́ ẹ yan ọkọ̀ ojú omi tó ní ìbòrí. Ẹ di ẹ̀wù ìléfòó ọmọ, èyí tí kì í jẹ́ kó rì, dáadáa, kí ẹ wá di èjìká ẹ̀wù náà mú, kí ẹ fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí ọmọ, ó tóbi jù. Inú omi ni yóò ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ọgbà igi Àjàṣẹ́ sàn jù: ibòòji wà, ọmọ á sáré.