Bí a ṣe ń tún pápá ìṣeré àdúgbò ṣe pẹ̀lú ohùn àwọn tó ń lò ó

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ jókòó sí pápá náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo ẹni tó ń lò ó, ibi tí oòrùn ti ń pa àwọn ọmọdé, àti ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti là sáàárín koríko. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe ìpàdé. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń lo pápá jù, ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ náà tọ àwọn ìyá ọlọ́mọ, àwọn àgbàlagbà àti àwọn aláàbọ̀ ara lọ, kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ohun tó ń ni wọ́n lára. Ẹ sọ iye owó tó wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ohun tí à ń dìbò lé lórí: ilẹ̀ abẹ́ ohun tí àwọn ọmọdé ń gùn gbọ́dọ̀ rọ̀, kó sì gbòòrò tó mítà 1.8, ó kéré tán, ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti jangirọ́fà tilẹ̀ gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ bá ti pinnu, ẹ lẹ ìpinnu náà mọ́ ẹnu ọ̀nà pápá, pẹ̀lú ìdí tí ẹ kò fi gba àwọn àbá yòókù.