Bí mo ṣe sọ jíìnì méjì di márùn-ún

Láfún ni wọ́n fi tọ́ mi ní Mọ́níyà. Ọjọ́ mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, ni Màámi fi ń rẹ pákí kí sáyánáìdì inú rẹ̀ lè lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí n yan jíìnì tí màá fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, mi ò rò ó jìnnà: CYP79D1 àti CYP79D2 ni mo mú. Àwọn ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣíṣe linamarin, ohun tó ń tú sáyánáìdì sílẹ̀ tí a bá ti gé pákí. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti mọ̀ wọ́n. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá méjì náà ni wọ́n ṣì jẹ́.

Mo wa RNA (ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe látinú jíìnì) ewé àti ti gbòǹgbò pákí jáde látinú SRA ti NCBI, àká dátà tí gbogbo ayé lè lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bi mí léèrè iye dátà tó bá a lọ; òru ni mo ń fà á, iná sì ń lọ láàárín. Wẹ́wẹ́ ni RNA ọ̀hún máa ń wá, lẹ́tà bíi 150, ètò kọ̀ǹpútà kan, Trinity, ló bá mi so wọ́n pọ̀. Mo fi BLAST wá èyí tó jọ CYP79D1. Márùn-ún jáde! Mo sáré fi IQ-TREE ya igi ìdílé wọn. Mẹ́ta dúró pọ̀ gbágbáágbá, ẹ̀ka wọn ò gùn rárá. Mo ní, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wọn ni.

Ẹ̀gbọ́n kan ní lábù wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ka kúkúrú yẹn ò mú ọ fura? Lọ wo ibi tí kálukú ń gbé nínú jíínóòmù, gbogbo DNA pákí lódindi."

Mo fi minimap2 to wọ́n sórí àwọn kúrómósómù méjìdínlógún ti pákí. Ojú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sí: ọ̀kan ò ní orí, ọ̀kan ṣì gbé intron tó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì gé dànù dání, ọ̀kan pé. Méjì yòókù náà, ojú kan ni. Ẹnì kan ló wọ aṣọ mẹ́ta tí mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, dN/dS, ìṣirò tó ń fi ìyípadà tó kan protéènì wé èyí tí kò kàn án. Mo kọ́kọ́ to DNA wọn lásán, àlàfo wá ń já lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ka jíìnì sí méjì, PAML tó ń bá mi ṣírò ń sọ ìsọkúsọ. Protéènì ni mo tò kí n tó padà sí DNA. Iye náà ò tó 1: pákí ò tíì pa ọ̀kankan tì nínú méjèèjì.

Salmon ló ka iye RNA wọn kẹ́yìn. Inú ewé ni wọ́n ti pọ̀, ti gbòǹgbò ò tó nǹkan. Mo ṣàlàyé fún Màámi pé ewé ló ń ṣe linamarin púpọ̀ jù, tó ń fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀.

"Gbòǹgbò sì ni èmi ń rẹ láti ọjọ́ yìí," ni wọ́n wí. "Wá bá mi da omi yẹn nù."