Bí a ṣe ń yẹ ilẹ̀ iléeṣẹ́ àtijọ́ wò kí àdúgbò tó lò ó

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ọgbà iléeṣẹ́ tó ti kógbá sílé kò ṣòro rí: sọ́mìlì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dípẹtà, ilé epo tí kò ta epo mọ́, ibi tí àwọn mẹkáníìkì àti àwọn oníbátìrì ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kó lọ. Àdúgbò tí nǹkan kò rọgbọ fún ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà, àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń fẹ́ tètè kọ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí iléèwé jéléósinmi sí i, nítorí pé ilẹ̀ mìíràn tí apá wọn ká kò sí. Ó yẹ kí wọ́n lò ó. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ bá lọ, májèlé tó fi sínú ilẹ̀ kì í bá a lọ. Ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òjé (lead) tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ ní agboolé pa ọmọdé tó lé ní 400. Nítòsí wa, ní Olódó ní Ìbàdàn, ìdàrọ́ bátìrì ọkọ̀ ni wọ́n dà sílẹ̀ títí òjé fi pọ̀ nínú yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀. Kí a máa kun ògiri, kí a máa tún òrùlé ṣe lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìyẹ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wò, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìtàn ilẹ̀ náà

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún láàbù, ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀ náà, ìgbà tí wọ́n ṣe é, àti igun tí wọ́n ti ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin pàtó ti wà fún irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 2002, ìpele àkọ́kọ́ kò ju kíka ìwé, bíbéèrè ọ̀rọ̀ àti rírìn yí ilẹ̀ ká lọ. Wọn kì í tíì bu yẹ̀pẹ̀ rárá. Lọ́dọ̀ wa, ìwé iléeṣẹ́ lè ti sọnù, nítorí náà mo gbà pé ẹnu àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ẹ ti máa rí òtítọ́ jù. Ẹ wá ọlọ́dẹ àtijọ́, ẹ wá wẹ́dà, ẹ má sì gbàgbé ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì, nítorí ojú rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde ṣe. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó yé wọn pé ẹ kò wá fi ẹnikẹ́ni sun ọlọ́pàá, kí ẹ wá béèrè ohun tó ṣe pàtó. Níbo ni wọ́n ń da ọ́ìlì dúdú tí wọ́n bá tú kúrò nínú ẹ̀rọ sí? Ọ̀nà wo ni omi ìfọ̀ ẹ̀rọ ń gbà jáde? Níbo ni tírànsífọ́mà dúró sí? Ṣé wọ́n ri táńkì mọ́lẹ̀? Ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ bá wọn rìn yí ọgbà náà ká, kí ẹ sì ya ibi tí wọ́n bá tọ́ka sí sórí ìwé.

Ní àkókò yìí kan náà ni kí ẹ wádìí ẹni tó ni ilẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, síbẹ̀ mọ̀lẹ́bí tó ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, báǹkì tí iléeṣẹ́ náà jẹ lówó sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tíì lójú, ẹ má ná owó sí i.

Bí ẹ bá ń rìn, ẹ ṣọ́ ibi tí koríko kò hù, àti ibi tí yẹ̀pẹ̀ ti dúdú tó sì ń rùn bíi kẹrosíìnì. Ibi tí wọ́n ti ń fi oògùn sí pákó kí ikán má baà jẹ ẹ́ lè ní arsenic àti chromium, tí àwọn méjèèjì jẹ́ májèlé. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì máa ń ní òjé. Tírànsífọ́mà àtijọ́ lè ní ọ́ìlì tí PCB, irú kẹ́míkà olóró kan, wà nínú rẹ̀. Ẹ má fọ́ òrùlé asbẹ́stọ́ọ̀sì rárá. Bí táńkì epo bá wà lábẹ́ ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀, kí wẹ́dà kankan má sì fi iná gé e, nítorí pé gáàsì epo tó kù nínú táńkì òfìfo lè bú gbàmù.

Bíbu yẹ̀pẹ̀ àti omi

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibí náà sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ má bu yẹ̀pẹ̀ káàkiri lásán. Àwòrán tí ẹ ti yà ni kí ó máa darí yín. Níbi tí ọmọdé lè ti ṣeré, ẹ bu sẹ̀ǹtímítà 5 ti òkè, nítorí èyí ni ọwọ́ ọmọ ń kàn tó sì ń dé ẹnu rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti da ọ́ìlì tàbí tí wọ́n ti ri nǹkan mọ́lẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tú rí, kí ẹ máa bù ú ní ìpele ìpele. Ẹ bu díẹ̀ pẹ̀lú lára ilẹ̀ àdúgbò náà tí iléeṣẹ́ kankan kò dé rí, kí ẹ lè fi wéra, nítorí pé ilẹ̀ lásán náà ní òjé díẹ̀ tirẹ̀. Ẹ fọ ṣọ́bìrì kí ẹ tó kúrò lójú kan bọ́ sí òmíràn, kí ẹ sì kọ ojú ibi tí ẹ ti bu ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Èyí tí ẹ fẹ́ fi wá òjé lè wà nínú ọ̀rá mímọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ fura pé epo wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò tí a dé pinpin, nínú kúlà oníyìnyín, kí ó sì tètè dé láàbù. Yunifásítì LAUTECH wà nínú ìlú, Yunifásítì Ìbàdàn kò sì jìnnà. Ẹ lọ bá àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì àti onímọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kànga ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń rí omi. Orí àpáta ni ìlú náà wà, omi kànga sì wà nínú ilẹ̀ tó ti rọ̀ lórí àpáta náà, kò jìn púpọ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n bá dà sílẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ bu omi kànga tó wà lókè ọgbà náà àti ti èyí tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní ìgbà òjò. Ìlànà omi mímu ní Nàìjíríà kò gbà kí òjé ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà kan. Ní ti yẹ̀pẹ̀, mílígíráàmù 400 nínú kílò kan ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n nígbà tí wọ́n ń tún àwọn agboolé Zamfara ṣe. Èmi kò ní gba iye yẹn fún ọgbà jéléósinmi, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ẹ jẹ́ kí èsì sọ ohun tí ẹ máa kọ́

Ilẹ̀ tí kò dára fún ilé gbígbé lè dára fún ọjà tàbí gáréèjì, bí a bá da kọ́ńkéré bò ó. Ohun tó bá jẹ́ ti ọmọdé, àti oko ẹ̀fọ́, ni ó ń béèrè ilẹ̀ tó mọ́ jù. Ilẹ̀ tí epo bàjẹ́ ṣeé wò: a lè da ìgbẹ́ adìyẹ pọ̀ mọ́ ọn, kí a máa yí i, kí a máa wọ́n omi sí i, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ máa jẹ epo náà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òjé kì í jẹrà ní tirẹ̀; a óò gbẹ́ ẹ kúrò ni, tàbí kí a fi yẹ̀pẹ̀ mímọ́ tàbí kọ́ńkéré bò ó. Bí ẹ bá ń gbẹ́ ẹ, ẹ wọ́n omi sí i kí eruku má baà gbéra, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì wẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó lọ bá ọmọ wọn nílé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí onítípà kankan lọ ta yẹ̀pẹ̀ yẹn fún ẹni tó fẹ́ fi kún ilẹ̀. Ibi tí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká bá fọwọ́ sí nìkan ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ mú èsì náà lọ bá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká yìí kan náà kí ẹ tó gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Bí iṣẹ́ náà bá tóbi, Òfin Àyẹ̀wò Ipa Iṣẹ́ lórí Àyíká ti ọdún 1992 lè kàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí sọ́feyọ̀ fa ìlà yí gbogbo ibi tí òjé ṣì wà lábẹ́ kọ́ńkéré ká lórí pùláànù ilẹ̀ náà, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀kan sí ọwọ́ baálẹ̀, ọ̀kan sí ọwọ́ ẹgbẹ́ onílé, kí ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga tàbí ri páìpù níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ fi dígà kàn.