Bí a ṣe ń yí CGPA wa sí máàkì àwọn ará Jámánì

CGPA ni ìpíndọ́gba gbogbo máàkì tí ènìyàn gbà nílé-ìwé gíga. Ẹni tó gba 4.12 nínú 5, tó wá rí i lójú fọ́ọ̀mù pé yunifásítì Jámánì kan kò fẹ́ ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ju 2.5 lọ, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já. Kó fọkàn balẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, kékeré ló dára: 1.0 ni olórí, 4.0 ni ibi tí yíyege parí sí, ẹni tó bá sì gba 5.0 ti fìdí rẹmi.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwọn tó jáde ní LAUTECH, yunifásítì tó wà níbí, tí wọ́n ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Jámánì ló sì ń wà lẹ́nu wọn, nítorí pé púpọ̀ nínú yunifásítì ìjọba ibẹ̀ kì í gba owó ilé-ìwé. Wọ́n á ti gbé ìṣirò tiwọn dé: 4.12 nínú 5 jẹ́ 82 nínú 100, wọ́n á wá máa wá 82 lórí àtẹ kan tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àtẹ yẹn ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa rẹ́. 82 nínú 100 kò sọ ibi tí yíyege ti bẹ̀rẹ̀ nílé-ìwé yín, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn ará Jámánì fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn.

Ìpínlẹ̀ Bavaria ní Jámánì ni wọ́n fi sọ fọ́múlà tí wọ́n ń lò lórúkọ. Nọ́ńbà mẹ́ta ló fẹ́ lọ́wọ́ yín: CGPA tó ga jù lọ tí ilé-ìwé yín lè fún ènìyàn, èyí tó kéré jù tí ènìyàn ṣì lè fi gba ìwé ẹ̀rí, àti tiyín. Ẹ yọ tiyín kúrò nínú èyí tó ga jù. Ẹ tún yọ èyí tó kéré jù kúrò nínú èyí tó ga jù. Ẹ fi èsì kejì pín ti àkọ́kọ́, ẹ sọ ohun tó bá jáde di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ wá fi 1 kún un. Ẹni tó bá fẹ́ rí i lójú kan:

1 + 3 × (ga jù − tiyín) ÷ (ga jù − kéré jù)

Ẹ jẹ́ ká fi 4.12 yẹn dán an wò, ká ní 1.00 ni ó kéré jù. 5 yọ 4.12 ku 0.88. 5 yọ 1 ku 4. Tí a bá pín 0.88 sí mẹ́rin, 0.22 ni, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 0.66, ẹ fi 1 kún un, ó di 1.66. Ọ̀pọ̀ yunifásítì á gé e sí 1.6, wọn ò ní sún un sí 1.7. Ẹni tó ń bẹ̀rù 2.5 ti kọjá a tipẹ́.

Nọ́ńbà tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni èyí tó kéré jù yẹn. Ọmọ kan á ní, "Àǹtí, 3.00 ni mo ní o, ẹ bá mi wò ó." Èmi ò ní tẹ nǹkan kan. Màá ní kó yí transcript rẹ̀, ìwé tí gbogbo èsì ìdánwò rẹ̀ wà, padà, kó ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi, níbi tí wọ́n ti to kíláàsì ìwé ẹ̀rí. Tí wọ́n bá kọ Pass síbẹ̀, láti 1.00 dé 1.49, 1.00 la máa lò, 3.00 rẹ̀ á sì di 2.5 géérégé. Ó wọlé. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ pé Third Class ni ìpẹ̀kun, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1.50, 3.00 kan náà á di 2.71. Ilẹ̀kùn tì nìyẹn. Ọmọ kan náà, CGPA kan náà! Nítorí náà, ẹ má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni tó bá ní "ohun tí wọ́n ń lò fún Nàìjíríà ni" báyìí-báyìí. Ohun tó wà lẹ́yìn ìwé tiyín ni kí ẹ lò. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo, ẹ lọ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìdánwò nílé-ìwé yín, kí ó ní òǹtẹ̀. Máàkì 40 tàbí 45 tí a fi ń yege kọ́ọ̀sì kan kò sí lára ìṣirò yìí rárá. Ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti máa ń pò wọ́n pọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe HND ní poli, 4.00 ni òkè tiyín, 2.00 sì ni ìsàlẹ̀. 3.20, tó jẹ́ Upper Credit, á di 2.2. Ẹni tó bá fi 1.00 ṣe ìsàlẹ̀ á rí 1.8, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà á fún un. Ẹ̀gbọ́n tó jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí CGPA wọn ṣì jẹ́ nínú 7 á fi 7 ṣe òkè, ó parí.

WAEC ló dàbí ti Jámánì: A1 ló ga jù, E8 ni ìpẹ̀kun yíyege. Fọ́múlà náà ò yí padà. Fún B3, 1 yọ 3 jẹ́ −2, 1 yọ 8 jẹ́ −7. Tí ẹ bá fi −7 pín −2, àmì ìyọkúrò méjèèjì á pa ara wọn; ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ fi 1 kún un, á jẹ́ 1.86 tàbí kó sún mọ́ ọn.

Ìṣirò ilé lèyí o, kí ẹ fi mọ ilé-ìwé tó yẹ kẹ́ ẹ náwó lé. Yunifásítì púpọ̀ ló ń ní kí ẹ fi ìwé yín ránṣẹ́ sọ́dọ̀ uni-assist, àjọ tó ń bá wọn yẹ ìwé wò; àwọn yẹn á ṣe ìṣirò tiwọn, tí yunifásítì bá sì béèrè VPD, ìwé àyẹ̀wò wọn, wọ́n á kọ máàkì náà sínú rẹ̀. Níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti béèrè gíréèdì yín, CGPA bó ṣe wà lórí transcript ni kẹ́ ẹ kọ, pẹ̀lú "nínú 5" tàbí "nínú 4" rẹ̀. Àfi tí wọ́n bá dárúkọ máàkì Jámánì ni kẹ́ ẹ tó kọ 1.6 yẹn síbẹ̀.