Bí mo ṣe ná mẹ́mórì káàdì fún ẹ̀rọ ìkàwé mi ní Ilé-Ifẹ̀

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Lagere, mo wo iye tí ẹ̀rọ mi lè gbà ná. Kobo Aura ti ọdún 2013 ni. Ààyè inú rẹ̀ jẹ́ 4GB, mẹ́mórì tí a lè kì bọ̀ ọ́ kò sì gbọdọ̀ ju 32GB lọ. (Kindle òde òní, ẹ̀rọ ìkàwé ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, kò ní ihò mẹ́mórì rárá, ẹni tó ní i kò nílò ìrìn àjò yìí.)

4GB tó ìwé EPUB, irú fáìlì ìwé kan fún ẹ̀rọ ìkàwé, kó sí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ju 1MB tàbí 2MB lọ. PDF ló ń jẹ ààyè. Àwọn ìwé ìtàn àti ewì Yorùbá àtijọ́ tí mò ń kó jọ, tí wọ́n ya fọ́tò wọn lójúewé lójúewé, ẹyọ kan lè tó 50MB, mi ò sì fẹ́ pa ọ̀kan rẹ́ torí òmíràn.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ yà pe 16GB ní 4,800 náírà, 32GB ní 6,400, 64GB ní 9,600. Mo fi GB pín owó: 300 náírà ni GB kan lára èyí tó kéré jù, 200 lára 32, 150 lára 64.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú 64 yìí, òun lẹ máa jèrè ẹ̀.”

Ká ní fóònù ni mo fẹ́ kì í sí, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n FAT32, ìlànà kan fún títo fáìlì, ni wọ́n fi ń tò mẹ́mórì 32GB. Láti 64GB lọ sókè, exFAT, ìlànà mìíràn, ló máa ń bá a wá, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìkàwé àtijọ́ kò sì lè kà á. Owó ààyè tí n kò ní í lò, kí ni mo fẹ́ san án fún? Ó tún mú oníyára kan jáde, èyí tí wọ́n kọ U3 sí lára, tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní 30MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó kéré tán. Ti àwọn tó ń ya fídíò nìyẹn. Ìwé kíkà kò béèrè irú eré bẹ́ẹ̀.

Lọ́nà Mayfair, ẹnì kan pe 32GB ní 3,000 péré.

“Bọ̀dá, ṣé mo lè dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kí n tó sanwó?”

Ó kọ̀. Èmi náà sì kọjá, torí ayédèrú mẹ́mórì máa ń pe ara rẹ̀ ní 32GB nígbà tó jẹ́ pé 8GB ló wà nínú rẹ̀ gan-an. Ohun tí a bá kó sí i lẹ́yìn ìyẹn á kàn ṣègbé ni. Bí 8GB bá ni tòótọ́, 3,000 yẹn di 375 náírà fún GB kan, ó wọ́n ju gbogbo èyí tí mo ti ná lọ.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, a náà á títí ó fi gba 6,000 fún 32GB, ó sì gbà pé kí n dá a padà bí kò bá pé. Nílé, mo fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń dán mẹ́mórì wò, yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ará Jámánì ló ṣe é, èdè wọn ló sì fi ń ṣí, ṣùgbọ́n a lè yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń kọ nǹkan kún mẹ́mórì náà dé ẹnu, lẹ́yìn náà ló máa kà á padà láti mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ pé. Ó gba àkókò gan-an, àmọ́ ó pé.

Kọ̀ǹpútà fi 29GB àti díẹ̀ hàn. Ẹnikẹ́ni ò yàn mí jẹ níbẹ̀: MB 1,000 làwọn tó ṣe é ń kà sí GB kan, 1,024 ni kọ̀ǹpútà ń kà sí i. Ìyẹn gbà tó 590 nínú àwọn PDF mi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kó wọn sí i, torí Kobo máa ń forúkọ ìwé tuntun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó tó ṣeé ṣí. Àwọn ewì ni mo kọ́kọ́ kó wọlé.